Mo pa cookies àti cache rẹ́, gbogbo àkáǹtì mi sì jáde: kí ni mo ṣe gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Òṣogbo. Mo máa ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Tí mo bá ti tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, á yí bìrí, á tún dá mi padà síbi tí mo ti wá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní kí n pa cookies àti cache rẹ́. Mo ṣe é, ìkànnì náà sì ṣí. Àmọ́ ímeèlì mi jáde, WhatsApp tó wà lórí kọ̀ǹpútà jáde, gbogbo ibi tí mo ti wọlé tẹ́lẹ̀ ló ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa wọlé, dátà mi sì tètè tán lọ́jọ́ náà. Kí ni mo pa rẹ́? Ṣé ojoojúmọ́ ló yẹ kí n máa ṣe é? Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà ṣe é tí kò ní kó gbogbo ẹ̀ lọ? Chrome ni mo ń lò jù, Firefox náà wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì kú ìfaradà. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí pọ̀, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ńlá wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Àkáǹtì yín ò pa rẹ́, àwọn ímeèlì yín wà níbi tí wọ́n wà, ọ̀rọ̀ aṣínà yín ò sì yí padà. Ọmọ iṣẹ́ yín náà ò ṣì yín lọ́nà, torí ìkànnì náà ṣáà ṣí. Ẹjọ́ tí mo ní láti bá a rò kò ju pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn, gbogbo ará ilé ló fún lóògùn mu.

Bọ́tìnì kan ni ẹ tẹ̀, àmọ́ nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ló pa rẹ́. Ọ̀tọ̀ ni wàhálà tí kálukú wọn ń fà, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ẹ máa pàdánù tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò.

Cookie jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣókí, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, tí ìkànnì kan kọ tó sì ní kí browser yín (ìyẹn ètò tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome tàbí Firefox) bá òun tọ́jú. Ìwọ̀n ọ̀kan kì í sábà ju báìtì 4,096 lọ. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé kì í dá èèyàn mọ̀ fúnra rẹ̀: gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan lójú ìwé rẹ̀, àfi bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1994, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ń wá bí ìkànnì ọjà ṣe máa rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú agbọ̀n láì jẹ́ pé ìkànnì náà ló ń tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà oníbàárà máa tọ́jú ẹ̀, kó sì máa fi hàn nígbàkigbà tó bá padà wá. Ọgbọ́n yẹn náà la fi ń wọlé síbi gbogbo dòní. Tí ẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín tó sì tọ̀nà, ìkànnì á fún browser yín ní nọ́ńbà gígùn kan tí ẹlòmíì ò ní irú ẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà yẹn ni browser ń fi hàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti pa rẹ́, ìkànnì ò mọ̀ yín mọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ímeèlì yín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Tó bá jẹ́ pé Gmail ni, tí ẹ sì ti fi àkáǹtì náà wọ inú Chrome fúnra rẹ̀, Chrome kì í lé yín jáde kúrò níbẹ̀. Èyí máa ń da àwọn èèyàn lójú rú: gbogbo ibi jáde, Gmail nìkan ló dúró.)

Ti WhatsApp jinlẹ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àpótí tí ẹ fi àmì sí nínú Chrome, "Cookies and other site data" ni wọ́n kọ sí i, kì í sì í ṣe cookie nìkan ló ń kó. Àwọn ìkànnì òde òní ní yàrá ìpamọ́ tiwọn nínú browser, tó tóbi ju cookie lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni WhatsApp orí kọ̀ǹpútà ń kó kọ́kọ́rọ́ tó fi so mọ́ fóònù yín sí. Tí ibẹ̀ bá ti ṣófo, àfi kí ẹ tún fi fóònù ya àwòrán QR. Ibẹ̀ náà ni àwọn ìkànnì míì ń kó iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí sí, èyí tí wọn ò tíì ráyè fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá ní fọ́ọ̀mù kan tí ẹ kọ dé ìdajì, ẹ parí ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Cache ní tirẹ̀ kò mọ̀ yín rí, kò sì fẹ́ mọ̀ yín. Àwòrán, àmì ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè ojú ìwé, àwọ̀ àti ìrísí lẹ́tà, àwọn fáìlì tó ń jẹ́ kí bọ́tìnì dáhùn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: browser máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà yín kó má bàa máa gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè wúwo tó mẹ́gábáìtì méjì tàbí mẹ́ta nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí i. Nígbà kejì, púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wà nílé. Èyí tí kò bá dá browser lójú pé ó ṣì bágbà mu, á béèrè lọ́wọ́ ìkànnì bóyá ó ti yí padà. Tí kò bá tíì yí, ìkànnì á fi nọ́ńbà 304 fèsì, èsì kúkúrú tí kò gbé àwòrán kankan dání, browser á sì lo ti ilé. Nígbà tí ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìkànnì tí ẹ ṣí lọ́jọ́ yẹn ni ẹ tún fi owó dátà rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ò jẹ dátà yín, ó kéré tán kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dààmú yín nínú méjèèjì? Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà dáadáa. Tí ìkànnì bá ń gbé yín yípo bíi ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn, tí ẹ bá rí ERR_TOO_MANY_REDIRECTS, tàbí tí ojú ìwé funfun kan bá jáde tí wọ́n kọ "400 Bad Request" sí, tí "Request Header Or Cookie Too Large" sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí cookie. Nínú yíyípo yẹn, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ browser tí ìkànnì ò gbà tán mọ́: ojú ìwé kan á ní ẹ ti wọlé, èkejì á ní ẹ ò tíì wọlé, wọ́n á wá máa jù yín síra wọn. Ti ojú ìwé funfun, cookie ìkànnì náà ti pọ̀ jọ débi tí kọ̀ǹpútà tó ń gbà á lọ́hùn-ún fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kan wọlé fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ lórí ìkànnì kan náà, irú nǹkan báyìí á máa bá yín ju ẹlòmíì lọ.

Cache ló máa ń jẹ́ kí ojú ìwé rí jákujàku, kí lẹ́tà gun orí ara wọn, kí bọ́tìnì má dáhùn, tàbí kí ẹ máa rí ìkéde ọdún tó kọjá nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín ti ń rí tuntun lórí fóònù rẹ̀. Àwọn oníkànnì ti yí apá kan padà, ẹ̀dà àtijọ́ ti apá kejì ṣì wà lọ́dọ̀ yín, méjèèjì ò sì bára mu.

Ní báyìí, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ R. Lórí Mac (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Apple), Cmd ló ń gba ipò Ctrl. Ìyẹn ń sọ fún browser pé kó tún ojú ìwé yẹn ṣí láì wo cache, kó gbé àwọn fáìlì rẹ̀ wá ní tuntun. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome, Edge (browser iléeṣẹ́ Microsoft) àti Firefox. Kì í fọwọ́ kan cookie, kì í sì í kan ìkànnì míì. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ti ń lo kọ̀ǹpútà tipẹ́tipẹ́ ò mọ̀ ọ́n, torí òun nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ojú ìwé tó bá rí jákujàku.

Tí ìyẹn ò bá ràn án, ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀: Ctrl+Shift+N nínú Chrome àti Edge, Ctrl+Shift+P nínú Firefox. Ẹ kọ́kọ́ ti èyíkéyìí tó bá ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pa, kó lè jẹ́ pé tuntun ni. Fèrèsé yẹn kì í lo cookie tàbí cache tó ti wà nílẹ̀. Ẹ gbìyànjú àtiwọlé níbẹ̀. Tó bá ṣí, a ti mọ̀ pé ohun tó wà nípamọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń fa wàhálà; ó sì lè jẹ́ àfikún kan tí ẹ so mọ́ browser, irú èyí tó ń dènà ìpolówó ọjà, torí Chrome kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Tí kò bá wá ṣí níbẹ̀ náà, ẹ fi cookie sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn oníkànnì ni ìṣòro wà, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, tàbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ yìí gan-an ni kí ẹ fi parí iṣẹ́ oníbàárà tó dúró lé yín lórí, kí ẹ tó wá àyè tún ti gidi ṣe.

Tí ẹ bá ti mọ̀ pé cookie ni, ìkànnì yẹn nìkan ni kí ẹ nu. Nínú Chrome, ẹ ṣí ìkànnì náà, ẹ wo apá òsì àdírẹ́sì rẹ̀ lókè. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀, ìlà méjì tó ní bíńtín róbótó lára. Àgádágodo ló wà níbẹ̀ títí di ọdún 2023. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ "Cookies and site data", lẹ́yìn náà "Manage on-device site data". Orúkọ àwọn ìkànnì tó kó nǹkan pamọ́ á jáde, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kékeré sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ tẹ apẹ̀rẹ̀ náà fún èyí tí ẹ fẹ́ nu, ẹ tẹ "Done", kí ẹ sì tún ojú ìwé náà ṣí pẹ̀lú Ctrl+Shift+R. Ímeèlì yín ò ní mọ̀ sí i, WhatsApp yín ò ní mira.

Ibì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń kọsẹ̀ sí níbí. Ibi tí wọ́n ti ń wọlé lè má jẹ́ àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú ojú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ilé ẹ̀kọ́ lè ní àdírẹ́sì kan fún ìròyìn, kó ní òmíràn tó fi "portal" bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ibi ìsanwó sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ míì pátápátá. Ẹ fojú sí àdírẹ́sì náà nígbà tó bá ń gbé yín yípo, kí ẹ nu gbogbo èyí tó bá kàn án. Tó bá ń yára yípo débi tí ẹ ò fi rí àyè tẹ nǹkan kan, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun, ẹ kọ chrome://settings/content/all sí ibi àdírẹ́sì. Gbogbo ìkànnì tó ní nǹkan nípamọ́ á tò síbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ohun tí kálukú wọn kó. Ẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà jáde, ẹ pa tirẹ̀ rẹ́. Ẹ wo àwọn tó kù náà, á yà yín lẹ́nu.

Ti Firefox kúrú: ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́bàá àdírẹ́sì, ẹ yan "Clear cookies and site data", ó tán. Tí oníbàárà bá gbé Mac wá, nínú Safari, browser tó ń bá Mac wá, Settings ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn náà Privacy, lẹ́yìn náà "Manage Website Data". Ẹ wá orúkọ ìkànnì, ẹ tẹ "Remove".

Ctrl+Shift+Delete, tó ń ṣí ibi tí wọ́n ti ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ iṣẹ́ yín ṣe ní kí ẹ ṣe, ní ìwúlò tirẹ̀, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tàbí gbé e fún ẹlòmíì. Tí ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ àkókò sí, nítorí wákàtí kan tó kọjá yàtọ̀ sí "All time". Tó bá jẹ́ cache nìkan lẹ fẹ́ yọ, "Cached images and files" nìkan ni kí ẹ fi àmì sí, kí ẹ yọ àmì kúrò lára cookie. Ẹ lè rí àpótí kan tó ń jẹ́ "Passwords and other sign-in data". Ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé tí kò bá ní ìdí, torí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí Chrome bá yín tọ́jú ló máa kó lọ. Tí ẹ bá sì fi àkáǹtì kan náà so Chrome kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ti fóònù, ìtàn àwọn ìkànnì tí ẹ pa rẹ́ níbí á pa rẹ́ lórí fóònù náà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa cookie rẹ́, ìkànnì báńkì, ímeèlì àti àwọn míì lè ka kọ̀ǹpútà yín sí àjèjì, wọ́n á wá fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí fóònù kí wọ́n tó gbà yín wọlé. Tó bá jẹ́ pé láìnì àtijọ́ tí ẹ ò lò mọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ńkọ́? Ẹ rí i dájú pé ẹ rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, pé láìnì náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, pé ó sì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ̀rù pípa cookie rẹ́ kì í bà mí. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ mọ́ torí pé ó ti pẹ́ tó ti wọlé ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ṣé ojoojúmọ́ ló yẹ kí ẹ máa ṣe é? Lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiyín nìkan, rárá. Kì í mú kí kọ̀ǹpútà yára. Ṣe ló ń jẹ́ kí gbogbo ìkànnì kọ́kọ́ falẹ̀. Kì í pa kòkòrò kọ̀ǹpútà, torí cookie kì í ṣe ètò tó lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í sì í fi yín pa mọ́ fún iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Àwọn tó bá ń sọ fún yín pé kí ẹ máa fọ browser láràárọ̀ ń fi dátà yín ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà tí àwọn oníbàárà ń lò, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yí padà pátápátá, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti le koko ju bí ọmọ iṣẹ́ yín ṣe le lọ.

Ẹ rántí nọ́ńbà gígùn tí mo sọ pé ìkànnì ń fún browser. Ẹnikẹ́ni tí nọ́ńbà yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọlé láì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ìkànnì púpọ̀ ò sì ní béèrè nọ́ńbà ìdánilójú lọ́wọ́ rẹ̀, torí lójú tiwọn, ẹni náà ti wọlé. Oníbàárà tó ṣí ímeèlì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín tó kàn ti fèrèsé pa tó sì bá tirẹ̀ lọ, ó fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Chrome máa ń gba cookie láyè tó ọjọ́ 400, nítorí náà, ẹ má rò pé ilẹ̀ á ṣú kó tó pa rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "Log out" tàbí "Sign out". Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti pípa cookie rẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ò sì kà á sí. Tó bá jáde dáadáa, ìkànnì tó mọṣẹ́ á fagi lé nọ́ńbà náà lọ́hùn-ún, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tí ẹ bá kàn pa cookie rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà tiyín nìkan ló lọ. Tí ẹnì kan bá ti jí i kọ ṣáájú, tirẹ̀ lè ṣì máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ó jáde ná, lẹ́yìn náà kí ẹ nu ún.

Láti má ṣe máa sá eré Ctrl+Shift+Delete lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ lo Guest, ìyẹn ààyè àlejò nínú Chrome. Ẹ tẹ àwòrán róbótó tó wà lápá ọ̀tún lókè nínú Chrome, ẹ yan Guest. Oníbàárà á ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe nínú fèrèsé yẹn, kò sì ní rí nǹkan kan nínú tiyín. Tí ẹ bá ti gbogbo fèrèsé Guest pa, cookie, cache àti ìtàn ibi tó lọ á lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tí kì í lọ ni fáìlì tó bá gbà sílẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò, ìwé NIN, àkọsílẹ̀ owó báńkì, gbogbo wọn á wà nínú Downloads níbẹ̀ gbagada. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí àkójọ Downloads rẹ̀ tó láti fi mọ ìdílé mélòó kan ní àdúgbò náà tinútòde. Ẹ máa kó o dànù lálaalẹ́, kí ẹ sì tú Recycle Bin dà nù pẹ̀lú. Òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 ní kí ẹni tó bá gba ìsọfúnni àwọn èèyàn sọ́wọ́ dáàbò bò ó, ẹ ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n á fi ṣe àpẹẹrẹ. Tí Chrome bá sì ń béèrè bóyá kó tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà, "Never" ni ìdáhùn.

Tó bá jẹ́ Firefox lẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà "Privacy & Security", ẹ fi àmì sí "Delete cookies and site data when Firefox is closed". Edge náà ní ibi tí ẹ ti lè yan ohun tó máa pa rẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá tì í. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí Chrome jẹ́ tiyín, kí Firefox jẹ́ ti gbogbo ayé. Ọmọ iṣẹ́ ò ní ṣì wọ́n mú.

Ẹ ò béèrè nípa ìpolówó ọjà tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tìtorí ìyẹn ń pa cookie rẹ́, wọ́n sì ń ṣe làálàá lásán, torí àwọn olùpolówó á tún gbé tuntun sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́. Cookie tí ìkànnì tí ẹ ò bẹ̀ wò gbé sórí kọ̀ǹpútà yín nípasẹ̀ èyí tí ẹ bẹ̀ wò ló ń ṣe é. Safari ti ń dènà gbogbo wọn láti oṣù kẹta ọdún 2020. Láti ọdún 2022 ni Firefox ti ń ti ti ìkànnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ààyè ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa máa tọ èèyàn kiri. Google kéde lọ́dún 2020 pé òun á yọ wọ́n kúrò nínú Chrome láàárín ọdún méjì, ó ń sún un síwájú, nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024 ó ní òun ò yọ wọ́n mọ́. Nítorí náà nínú Chrome, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dènà wọn: Settings, "Privacy and security", "Third-party cookies". Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Tí ibi ìsanwó kan bá kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà á láyè fún ìkànnì yẹn nìkan.

Ó ku àwọn wàhálà tí wọ́n máa ń di ru cookie láìṣẹ̀. Tí Chrome bá kọ "Your clock is behind", tàbí tí ẹ bá rí NET::ERR_CERT_DATE_INVALID lórí ìkànnì tó pọ̀, ẹ wo aago àti déètì kọ̀ǹpútà yín. Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń kú, pàápàá lórí èyí tó ti pẹ́. Tí iná bá ti lọ tí ó sì padà, kọ̀ǹpútà á rò pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà, ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ìkànnì ò sì ní bá ọjọ́ rẹ̀ mu. Ẹ tún déètì ṣe, kí ẹ ra bátìrì náà, kò wọ́n. Tó bá sì jẹ́ pé Windows 7 ló ṣì wà lórí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà yín, Chrome 109 ni ìgbẹ̀yìn tó máa gbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Àwọn ìkànnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú browser bẹ́ẹ̀, kò sì sí iye cookie tí ẹ máa pa rẹ́ tó máa sọ ọ́ di tuntun.

Ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn, tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín lẹ́yìn tí ẹ ti nu tirẹ̀ nìkan, ẹ̀bi kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà níbi tí àdírẹ́sì àti àṣìṣe náà ti hàn, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ wo nọ́ńbà Chrome yín ní Help, "About Google Chrome", kí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ìkànnì náà. Kí ẹ sì tó fi àwòrán yẹn ránṣẹ́, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú ẹ̀.